Àwọn Ẹ́ńjìnnì Kéékèèké tí Béjidé Rọ fún Ìyá Rẹ̀

Láti ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ti pa ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Iléṣà, Phebe Ọdúntán kò wọ ọkọ̀ mọ́. Bí ó bá fẹ́ lọ sí Ìbòkun láti abúlé kòkó tó ń gbé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ín. Ibi tí ẹsẹ̀ kò bá gbé e dé, kò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀. Ikú yẹn nìkan kọ́ ló sì dùn ún. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni àwọn ará ilé fi ń sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, pé ó ti ń mu ẹ̀kọ, pé ó ń béèrè rẹ̀. Ó ti di ẹrù, ó ti se ẹyin tí yóò gbé lọ fún un, kí wọ́n tó jẹ́wọ́ pé ọjọ́ kìíní gan-an ni baba ti kú. Wọn kò ní ibi lọ́kàn, wọ́n ń tù ú nínú ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí kò ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá fi ìwọ̀n irun kan yà kúrò lójú òtítọ́.

Béjidé ni àkọ́bí rẹ̀. Òṣogbo ló wà, ó ń ṣe fítà nínú ọgbà rélùwéè níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Oṣooṣù ló ń kọ lẹ́tà sílé, Tíṣà Ògúnmọ́lá tó ń kọ́ni nílé ìwé ìjọ a sì kà á fún ìyá rẹ̀ lábẹ́ igi obì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló máa ń pọ̀ jù nínú lẹ́tà náà. Béjidé a kọ̀wé nípa èyí tó ń wọ́ ẹrù, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Àjànàkú, tó ní ẹsẹ̀ ńlá mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, tí ọ̀pá irin so wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá di ara wọn lọ́wọ́ mú. A sọ ti Ológe tó ń fa àwọn èrò, tí wọ́n ń fi epo nu idẹ ara rẹ̀ láràárọ̀. A sọ ti Abẹ́rẹ́, ẹ́ńjìnnì kékeré inú ọgbà tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù síwá sẹ́yìn, tí wọ́n fún lórúkọ yẹn nítorí pé bó ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Phebe kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé sùn nìyẹn.

Nígbà Kérésìmesì ọdún 1952, Béjidé délé, ó sì yọ nǹkan kan jáde láti inú àpò ìrìn-àjò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, agolo mílíìkì ló fi ṣe é, ó fi òjé jó o pọ̀, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Àwọn ará ilé pa igbe. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń fi ẹnu ṣe fèrè. Ìgbà tó kan Phebe, ó gbé e lé itan, ó wò ó pẹ́.

"Béjidé, èwo lèyí?"

"Àjànàkú ni, Yèyé."

Ó fi ìka kan àwọn ẹsẹ̀ ńlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́ta. Mẹ́rin lo kọ sínú lẹ́tà."

Béjidé rẹ́rìn-ín. "Àyè ni kò gba mẹ́rin, Yèyé. Ta ni yóò jókòó máa kà á?"

"Èmi kà á." Kò bínú, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Ojú mi kò tó Òṣogbo. Ohun tí o bá gbé wá fún mi ni mo ní. Bí o bá yọ ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀ nítorí kí inú mi lè dùn, báwo ni n ó ṣe mọ ohun mìíràn tí o ti yọ? Báyìí náà ni wọ́n ṣe gbé ọ̀rọ̀ bàbá yín fún mi."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Béjidé. Àárọ̀ ọjọ́ tí ó ń padà, ó rọra gbé ẹ́ńjìnnì agolo náà sínú àpò, ìyá rẹ̀ kò sì bi í léèrè.

Nígbà tó dé Òṣogbo, Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ rò pé inú ń bí i ni. Inú kò bí i, ojú ló ń tì í. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń fọwọ́ kan àwọn ẹ́ńjìnnì yìí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó jókòó láti ya Àjànàkú sórí ìwé, kò lè sọ ìwọ̀n tí ibi tí èéfín ń gbà jáde fi ga ju orí bọ́ílà, àgbá irin tí omi ti ń hó, lọ. Ó mọ ibi tó máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀, kò mọ bí ó ṣe rí.

Bí aago oúnjẹ ọ̀sán bá ti lù, Béjidé a mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì, a wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ. Mùíbì, káfíńtà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ojú irin tí èrò ń jókòó nínú rẹ̀ ṣe, ló kọ́kọ́ rí i.

"Fítà, aṣọ lo fẹ́ dá fún un ni, tí o ń wọ̀n ọ́n?"

Béjidé ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, pé òun fẹ́ rọ òmíràn tí yóò bá ti gidi mu. Mùíbì gbọ́, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ní, "Ìyá tó ka ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò rí rí! Wallahi, mo fẹ́ bá ọ ṣe é." Láti ọjọ́ náà, ó ń fi igi gbẹ́ ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ṣáájú, kí Béjidé tó fi irin àti idẹ ṣe é. Fọ́máànù wọn bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti ń múra àti tọrọ gáfárà, ṣùgbọ́n fọ́máànù wọlé lọ, ó sì mú àwòrán ẹ́ńjìnnì kan tó ti pọ́n, tí etí rẹ̀ ti ya, jáde. Ó ní bí wọ́n bá ti lò ó tán kí wọ́n dá a padà.

Wọ́n fẹnu kò pé ìdajì ínṣì ni yóò dúró fún fíìtì kan. Ìgbà yẹn ni Béjidé wá rí i pé kò sí ẹ́ńjìnnì méjì tó jọra dénú. Àjànàkú méjì tó dúró ti ara wọn, tí àjèjì yóò pè ní ìbejì, ọ̀kan ní fìtílà sí apá òsì, èkejì ní in láàárín; wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn iwájú ọ̀kan, ìṣó rẹ̀ sì lé mẹ́fà. "Èwo nínú wọn lo fẹ́ ṣe?" ni Mùíbì bi í. Béjidé ronú, ó ní, "Èyí tí mo kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ ni."

Àbámẹ́ta ọ̀sán àti ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Béjidé. Ọdún kan lọ, iṣẹ́ kò tán. Àgbà dírẹ́bà kan tó ń jẹ́ Àkànó, ará Ìdó-Ọ̀ṣun, a máa wá jókòó tì wọ́n. Dírẹ́bà ni tirẹ̀, ojú tó fi ń wo ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí ti fítà. Òun ló sọ fún wọn pé Ológe máa ń tẹ̀ díẹ̀ sí iwájú bí ọjọ́ bá ti pẹ́ lórí rẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n má ṣe kun inú ilé dírẹ́bà tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ní dúdú, ewé ni àwọ̀ rẹ̀.

Ohun tó fẹ́ bá iṣẹ́ wọn jẹ́ ni omi. Béjidé kò fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọn yóò máa fọwọ́ tì. Ó fẹ́ èyí tí ooru omi gbígbóná yóò máa mú rìn, bí ti ọgbà. Ó fi bàbà ṣe bọ́ílà, ó fi fìtílà sípíríìtì sí i nísàlẹ̀, ó sì ṣe gbogbo páìpù rẹ̀ ní ìwọ̀n tó bá ti gidi mu. Èyí tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ lára Àjànàkú wá di ìwọ̀n ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Omi hó, ooru rẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Ibi tí wọ́n ti ń retí kí ẹsẹ̀ yí, ojú òjé já, ooru sì bó Béjidé lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tí Àkànó wá kí i, ó gbé ẹ́ńjìnnì náà sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Béjidé, o ti sọ irin di kékeré, ó sì gbà fún ọ. Ta ló sọ fún ọ pé omi yóò gbà? Omi tó wà nínú eléyìí àti omi tó wà nínú ti ọgbà, omi kan náà ni. Fẹ páìpù yẹn."

"Bí mo bá fẹ̀ ẹ́, Bàbá, kò ní bá ìwọ̀n mu mọ́. Irọ́ ni n ó gbé lọ fún Yèyé."

"Bí o kò bá fẹ̀ ẹ́, kò ní rìn. Ẹ́ńjìnnì tí kò rìn, òun náà kì í ṣe irọ́?"

Làbákẹ́, tó ń bu omi tútù sínú ife fún àlejò, ló dá sí i: "Kí ló dé tí o kò fẹ̀ ẹ́, kí o sì sọ fún Yèyé pé o fẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn débi pé àwọn ọkùnrin méjèèjì wo ara wọn.

Kérésìmesì ọdún 1954 ni wọ́n gbé àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ṣe tán lọ sí abúlé, Mùíbì náà tẹ̀lé wọn. Wọ́n to pákó sí iwájú ilé, níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó, wọ́n sì kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló jáde láti inú àpótí. Abẹ́rẹ́ gba omi sí ìhà méjèèjì bí ẹni gbé kèrègbè, kò sì ní àpótí èédú lẹ́yìn. Idẹ Ológe ń dán. Àjànàkú gùn tó apá àgbàlagbà. Phebe jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó gba Àjànàkú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Mẹ́rin," ni ó wí. Ó yí i sódì kejì. "Mẹ́rin."

Béjidé kúnlẹ̀ tì í. "Yèyé, ibì kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀." Ó fi páìpù hàn án. "Ó yẹ kí èyí tín-ín-rín ju báyìí lọ. Mo fẹ̀ ẹ́ nítorí kó lè rìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí wọ́n ṣe rí lọ́hùn-ún nìyí, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ mi ti lè ṣe é mọ."

Ìyá wo páìpù náà, ó wo àpá iná tó ràn gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kò purọ́," ni ó wí. "Jẹ́ kó rìn."

Wọ́n tan sípíríìtì. Omi kọrin díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún kọrin. Àjànàkú mí hẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lọ. Kì í ṣe igbe ni Phebe ké. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń wò ó títí tó fi dé òpin pákó. Lẹ́yìn náà ó béèrè ìdí tí Abẹ́rẹ́ kò fi ní àpótí èédú, wọ́n sọ fún un pé kì í lọ ibi tó jìnnà, èédú tó wà nínú ilé dírẹ́bà tó o. Ó béèrè èyí, ó béèrè tọ̀hún. Ojú oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó sọ pé:

"Mo fẹ́ rí àwọn tí ẹ wò ṣe wọ̀nyí."

"Yèyé, ọkọ̀ la ó wọ̀ dé ibẹ̀ o," ni Béjidé wí pẹ̀lẹ́.

"Mo mọ̀."

Ọjọ́ kejì ọdún tuntun, wọ́n fi í sí iwájú ọkọ̀ ní Ìbòkun, láàárín dírẹ́bà àti ọmọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ Béjidé mú, èyí tó jóná náà ni, ó sì fún un tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dun ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ kò fà á. Nígbà tí wọ́n gba ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ó dijú, ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó yá, ó lajú, ó ní oko ta ni àwọn ń kọjá yìí, tí kòkó rẹ̀ dára báyìí?

Nígbà tí wọ́n dé ìdíkọ̀ rélùwéè ní Òṣogbo, Ológe ló ń wọlé bọ̀, Àkànó ló ń wà á. Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn obìnrin kan sá sẹ́yìn. Phebe kò sá. Ó dúró, ó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ẹni ń wo ọmọ tó ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ ìtàn náà ti pé jọ.

"Ìyá, ẹ́ńjìnnì wo lèyí?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í, ó rò pé òun yóò fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ológe ni. Àjànàkú lèyí tó wà lọ́hùn-ún, ní ẹ̀yìn ilé olómi yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Àjànàkú ti Béjidé. Fìtílà ti Béjidé wà láàárín, ti ìyẹn wà ní òsì."

Phebe sún mọ́ Ológe, ó na ìka sí abẹ́ ilé dírẹ́bà, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Àkàsọ̀ méjì ló wà níbí. Ẹyọ kan lo ṣe."

Béjidé wò ó. Òótọ́ ni. Mùíbì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, Àkànó sì bọ́ fìlà lórí fún ìyá náà láti òkè ibi tó wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Phebe lò lọ́dọ̀ wọn. Kí ó tó lọ, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin mìíràn ti ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ràn jù, wọ́n sì ń fi Phebe ṣe adájọ́ ohun tó bá ti gidi mu àti ohun tí kò bá a mu. Tíṣà Ògúnmọ́lá kọ̀wé pé kí wọ́n bá òun ṣe ọ̀kan fún ilé ìwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ní Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn níbẹ̀, Làbákẹ́ mú ìyá ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìkìrun. Ojú fèrèsé ni Phebe jókòó sí. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, Béjidé sì ń dúró dè wọ́n ní ìdíkọ̀. Èédú ti ta sí ojú àti gèlè ìyá náà, kò nù ún.

"Báwo ló ṣe rí, Yèyé?"

"Ìkìrun kò jìnnà rárá," ni ó wí. Ó wo ojú irin tó lọ sí ìhà àríwá, ó tún gèlè rẹ̀ so. "Ọ̀fà ńkọ́?"