Òdòdó Orí Pẹpẹ

Kí n tètè sọ ọ́ kó tán nínú mi: mo jowú ìyàwó àbúrò mi. Ìyàwó mi ló yẹ kí n wí, torí bí a ṣe ń pè é nílé wa nìyẹn. Obìnrin ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ ni mo jẹ́ fún un.

Ìyá mi ló fà á. Níjọ wa ní Ìkẹ́nnẹ́, àwọn ìyá ìjọ máa ń gbé òdòdó pẹpẹ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá kàn lọ́sẹ̀ yẹn ni yóò gbé e wá. Látìgbà tí orúnkún ti ń yọ ìyá mi lẹ́nu, èmi ni mo ń gbin tiwọn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, màá tú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, màá fọ́n òdòdó sápá kan, ẹfinrin sápá kejì. Òdòdó wa pupa, ó rí bí ogbe àkùkọ. Kì í kọjá ọdún kan. Bí ọyẹ́ bá dé, ó kú nìyẹn, a ó gbọn irúgbìn rẹ̀ pamọ́ de òjò mìíràn. Bí wọ́n bá gbé e sórí pẹpẹ, ìyá mi á sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n pé, "Ọmọ mi ló gbìn ín." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń yó mi ju oúnjẹ lọ.

Àfìgbà tí àbúrò mi kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó gbé ìyàwó dé. Ọmọ olóbì ni, àwọn tó ń ṣòwò obì ní Ṣàgámù, kò sì mọ ìyàtọ̀ pẹpẹ àti àga kó tó délé wa. Kò pẹ́, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà mi kọjá lọ já ẹfinrin nínú tirẹ̀. Wọ́n ní tèmi ń korò. Ẹfinrin mi! Èyí tí wọ́n ti ń jẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́!

Lọ́jọ́ kan, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi nínú irúgbìn òdòdó yín. Mo fẹ́ máa ran Màámi lọ́wọ́."

Háà! Ó ti gba ẹfinrin, ó tún fẹ́ gba pẹpẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó padà wá lọ́la. Bó ti ń yí ẹ̀yìn padà, mo gbé páànù kaná, mo da irúgbìn sí i, mo rọra yan án. Dúdú ni irúgbìn náà tẹ́lẹ̀, ta ló máa mọ̀?

Ó gbà á tayọ̀tayọ̀. Ó pò ó mọ́ iyanrìn, ó fọ́n ọn, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ó ń bomi rin ín láràárọ̀. Mo ń yọjú wò ó láti fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ kan, òfo. Ọ̀sẹ̀ kejì, òfo. Mo wá bi í bóyá ó ti hù.

"Rárá o, àǹtí mi. Bóyá ilẹ̀ ibí ni kò gbà á."

Inú mi dùn, n kò ní parọ́.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí mo rí ìyá mi pẹ̀lú ọ̀pá wọn létí ebè rẹ̀, wọ́n ń tú kókó aṣọ kan. Irúgbìn òdòdó wa kan náà ni, èyí tí wọ́n tọ́jú sísàlẹ̀ àpótí. Ìyẹn hù, ó kún gbogbo ebè. Nígbà tó tún kan ìyá mi, òdòdó ìyàwó wa ló wà lórí pẹpẹ. Mo na etí.

"Ìyàwó mi ló gbìn ín," ni wọ́n wí.

Bí a ti délé, n kò lè pa á mọ́ra. "Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ gbé irúgbìn yín fún àlejò?"

Wọ́n fi ọ̀pá wọn sílẹ̀. "Ọmọ olóbì kì í gba nǹkan láì tọ́ ọ wò. Lọ́jọ́ tó o fún un gan-an ló ti ju díẹ̀ sẹ́nu. Ó mọ̀ pé o ti yan án."

"Ó mọ̀? Kí ló wá ń bomi rin?"

"Ó rí ọ lójú fèrèsé. Ó ní bí òun ò bá bomi rin ín, wàá mọ̀ pé àṣírí tú, ojú á tì ọ́. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ."

Ojú tì mí, àfi bíi kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé owú yẹn tán o. Ẹfinrin rẹ̀ dùn ju tèmi, òdòdó rẹ̀ dára ju tèmi, ó tún wá níwà jù mí lọ. Kí ló wá kù fún èmi tí wọ́n bí?