Iṣẹ́ Tí Ọkọ Mi Kọ̀ Nílùú Wúrà

Lọ́dún tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary, nílẹ̀ Kánádà, ọ́fíìsì tí ọkọ mi ti ń ṣe engineer ní downtown dá a dúró. Fún oṣù mẹ́wàá, ó ń jí, ó ń wẹ̀, ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì, kò sì níbi tó ń lọ. Ẹni tó bá béèrè àlàáfíà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, "A dúpẹ́" náà ni.

Nígbà tó yá, wọ́n pè é fún interview ní Yukon, lápá àríwá Kánádà lọ́hùn-ún. A ò lówó bàálù, la bá wakọ̀ lọ. Wọn ò gbà á. Bí a ṣe ń bọ̀, ebi mú ká yà ní ìlú kékeré kan láàárín igbó, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà. Ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bàbá òyìnbó tó jókòó nítòsí wa ni ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbi ìwakùsà. Ó bi ọkọ mi léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ọkọ mi sì sọ fún un. Bàbá ní ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ṣé ó máa fẹ́ iṣẹ́ náà?

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "No, sir, don't worry. We are fine."

Bàbá ní ó dáa, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kí n fi bàtà gbá a lójúgun lábẹ́ tábìlì. Wọ́n kọ́ ọ nílé ni, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ní kó o wá jẹun, wàá ní o ti yó, bí ebi tilẹ̀ ń pa ọ́ kú lọ; wọ́n á tún pè ọ́, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ fà ọ́ lápá, kó o tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Nínú mọ́tò, mo ní, "Daddy, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo rò pé ó máa tún béèrè now. Ṣé kí n kàn bẹ́ mọ́ ọn ni?"

"Òyìnbó wo ló máa bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kejì? Tẹ́ ẹ bá ti ní no, no náà nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

Ó di stíárìn mú, kò sì ṣíná mọ́tò. Àánú rẹ̀ wá ṣe mí gan-an, mo kábàámọ̀ pé mo pariwo mọ́ ọn.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó padà sínú ilé oúnjẹ, mo tẹ̀lé e. Bàbá ti ń wọ kóòtù rẹ̀. Ọkọ mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́, òun fẹ́ iṣẹ́ yẹn, ó ti pẹ́ tí òun ti ń wáṣẹ́, ẹ̀rù sì ti ń ba òun.

Ẹ̀rù! Kò sọ ọ́ fún èmi tí a jọ ń sùn rí.

Bàbá bọ́ kóòtù, ó fa àga fún un. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń sunkún.