Mọ́tò Àwìn

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, màmá mi wọ inú mọ́tò mi, ó de bẹ́líìtì mọ́ra, ó sì sọ fún mi pé òun ò ní gun mọ́tò àwìn láyé òun. Mo rò pé mọ́tò tèmi ló ń bá wí, nítorí mo ṣì ń san owó rẹ̀ fún báńkì lóṣooṣù. Mo ní, "Mummy, kò sẹ́ni tí kì í gun mọ́tò àwìn ní Atlanta." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe tèmi, ó ní bọ́ọ̀sì funfun tó ń wá gbé òun lọ sí kílíníìkì lòun ń sọ.

Iná ojú ọ̀nà ti di àwọ̀ ewé, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń fun fèrè, mi ò sì kúrò lójú kan.

Kíndìnrín màmá mi ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní kílíníìkì kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Tucker lẹ́bàá Atlanta, bó bá jẹ́ pé mọ́tò lèèyàn gbé lọ. Ẹsẹ̀ ò lè gbé e débẹ̀, nítorí títì náà kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ọkọ̀ ẹlẹ́rù ló sì kún ibẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì funfun tó dé, èmi ni mo ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti gbé e. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti ń bá mi wí níbi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún mi. Á ní nọ́ọ̀sì sọ pé kóun má wá lónìí, pé ẹ̀rọ bà jẹ́, pé ara òun le. Lọ́jọ́ kan mo délé bá a lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí dáadáa, síbẹ̀ ó ń bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Ìgbà náà ni kaúntì wa, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ọ̀sì àwọn àgbàlagbà wò. Èèyàn á pè wọ́n, wọ́n á wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà. Ńṣe ni màmá mi dà bí ọmọ tó gba aṣọ ilé ìwé tuntun. Á wé gèlè rẹ̀, á jókòó ti fèrèsé, á máa retí wọn. Dírẹ́bà ń pè é ní Mama, òun náà sì ń gbàdúrà fún un ní Yorùbá tí ọmọkùnrin náà ò gbọ́. Ó ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, láìpariwo, pé bí wọ́n bá fi lè dá bọ́ọ̀sì yìí dúró, òun á padà sílé, torí òun ò wá sí Amẹ́ríkà wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ òun. Ìbàdàn nilé. Mo mọ iye tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ àti bí iná ṣe ń ṣe wọ́n. Bó bá lọ, kò ní pẹ́. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Owó tí wọ́n fi ń dán bọ́ọ̀sì náà wò sì ti ń tán lọ. Mo mọ̀, nítorí inú ọ́fíìsì kaúntì tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ ìrìnnà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí nǹkan ṣe rí nìyí: bí iṣẹ́ kan bá máa ná wa ní dọ́là márùn-ún, ìjọba àpapọ̀ á mú mẹ́rin sílẹ̀, kaúntì á wá ọ̀kan yòókù. Kaúntì wa ò rí ọ̀kan náà. Àmọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ọ̀nà kíákíá lórí títì ńlá, wọ́n sì ti fi owó yẹn ṣe ọ̀nà. Òfin gbà pé kí ìjọba àpapọ̀ ka iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe yẹn sí wọn lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n bá ní kí a mú dọ́là karùn-ún wá, a lè fi iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá yẹn rọ́pò rẹ̀. Kírẹ́díìtì ni wọ́n ń pè é. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbà láti fún wa nínú tiwọn. Ó ku kí ìgbìmọ̀ kaúntì dìbò sí i lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá mi lọ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àwọn àgbà nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa, màmá mi sì wà lára wọn. Mi ò sí níbẹ̀. Ìlú Covington ni mo máa ń wà ní Sátidé, tí mò ń fi ilé han àwọn tó fẹ́ rà á, torí owó oṣù kaúntì nìkan ò lè gbé ilé wa ró. Uncle tó máa ń túmọ̀ ìwàásù ló túmọ̀ fún ọ̀gá mi. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n bí pásítọ̀ bá sọ gbólóhùn kan, Uncle á sọ mẹ́ta, á sì fi orin tì í. Nígbà tí ọ̀gá mi sọ pé kírẹ́díìtì, Uncle ní àwìn. Ó ní kaúntì fẹ́ ra mọ́tò láwìn sórí àwọn àgbàlagbà.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló gbọ́ ọ, kò burú. Aṣọ ni màmá mi tà ní Ìbàdàn kó tó wá, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù pé kò sí àwìn lónìí, ẹ padà wá lọ́la. Síbẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀bẹ̀ gba léèsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń sá sí òdì kejì títì bí wọ́n bá rí i. Àwìn ló ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán létí rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo tẹ̀ lé e wọ kíṣìnì.

"Mummy, kì í ṣe àwìn. Credit ni."

"Kírẹ́díìtì wo? Ti fóònù?"

"Rárá. Credit tí state ti earn lórí road."

"Ṣé mọ́tò náà ń pe èèyàn ni?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sílẹ̀!"

"Mo ń gbọ́. Ìwọ lo ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Tí nǹkan bá dáa, ó máa ní orúkọ tí èèyàn lè pè é."

Inú bí mi débi pé mo jáde lọ dúró sẹ́yìn ilé. Mo ti lọ sí yunifásítì méjì, mi ò sì lè ṣàlàyé iṣẹ́ òòjọ́ mi fún ìyá mi. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ní òun á wá sí ìpàdé náà, òun á sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Uncle á sì túmọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, kó dúró sílé kó sinmi. Ó ní òun ò bi mí.

Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Torí pé ìyá mi ń gun bọ́ọ̀sì náà, mi ò gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun lórí rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Kí n jókòó síbi tábìlì àwọn òṣìṣẹ́, kí n máa gbé ìwé fún un, kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo ní mo gbọ́.

Nígbà tí alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́, gbọ̀ngàn kún. Màmá mi wọlé pẹ̀lú Uncle, báńdéèjì ṣì wà lápá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gún un láàárọ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n pè é, ó di máíìkì mú bí ẹni pé máíìkì náà fẹ́ sá lọ.

"Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì. Mo gun mọ́tò yín, mo sì dúpẹ́. Ọlọ́run á gbé yín ga. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ àwìn. Ẹ má jẹ gbèsè nítorí tèmi."

Uncle kọjú sí wọn, ó sì sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ìyá dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kírẹ́díìtì náà.

Ọ̀kan wà nínú ìgbìmọ̀ tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tó jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní kí gbogbo ilé gbọ́ o, ẹni tó ń gun bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ní òun ò fẹ́. Àwọn méjì mi orí. Mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú nísàlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí ọwọ́ mi.

Màmá mi ò tíì ṣe tán. Ó ní, "Ta lẹ jẹ ní gbèsè náà? Ìgbà wo ló ń bọ̀ wá gbà á?"

Alága ní kí ọ̀gá mi dáhùn. Ọ̀gá mi dìde, ó sọ ọ́ dáadáa, díẹ̀díẹ̀: pé kò sẹ́ni tí a jẹ, pé àwọn awakọ̀ ti san owó, wọ́n ti fi ṣe ọ̀nà, iṣẹ́ sì ti parí, pé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe náà ni wọ́n fẹ́ kà. Lẹ́yìn náà gbogbo ojú yí sí Uncle.

"Ó ní àwìn yẹn…" Uncle dánu dúró. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò bá a mu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sọ.

Mo ń wo ìyá mi. Mo rántí oko bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń mú wa lọ lásìkò ọlidé, àti àwọn ọkùnrin tó ń fi ọkọ́ kọ ebè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oko bàbá àgbà lónìí, oko ẹlòmíì lọ́la.

"Àáró!"

Èmi ni mo pariwo ẹ̀. Ọ̀gá mi yí padà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Àmọ́ ó ti bọ́ lẹ́nu mi, mi ò lè gbé e mì mọ́.

"Àáró ni, Mummy. Wọ́n ti lọ ro oko ẹlòmíì tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ kà fún wọn."

Alága bi wọ́n pé ta ni obìnrin yẹn. Ọ̀gá mi ní òṣìṣẹ́ òun ni, ìyá rẹ̀ sì ló wà nídìí máíìkì. Mo rò pé mo ti pàdánù iṣẹ́ àti bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àáró," ni màmá mi wí. Ó tún un pè, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí?" Ó wá kọjú sí ìgbìmọ̀. "Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nílé bàbá mi, bí wọ́n bá wá ṣe àáró lóko wa, àwa la máa ń bọ́ wọn. Ta ló fẹ́ gbé oúnjẹ wá?"

Uncle túmọ̀ rẹ̀, kò sì fi ohunkóhun kún un lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Ó ní ìbéèrè gidi ni. Kírẹ́díìtì náà kò mú owó tuntun kankan wọlé. Iṣẹ́ dọ́là márùn-ún á di ti mẹ́rin, bọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Sátidé á sì ní láti fi ọjọ́ kan sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan máa lọ. Mo ti ń gbàdúrà pé kó jẹ́ Fúráìdè.

Ọkùnrin onígíláàsì yẹn ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ Sátidé, torí pé àwọn ọmọ kì í lọ sí iṣẹ́ ní Sátidé, wọ́n lè gbé òbí wọn. Èmi ló ń wò bó ti ń sọ ọ́. Wọ́n dìbò. Mẹ́rin gbà, mẹ́ta kọ̀, bọ́ọ̀sì náà á sì máa ṣiṣẹ́ lọ láìsí Sátidé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ fi hàn.

Ọ̀gá mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní a máa sọ̀rọ̀ láàárọ̀. A sọ ọ́ lóòótọ́, kò sì dùn, àmọ́ iṣẹ́ ò bọ́.

Èmi ni mo wa màmá mi lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Sátidé ńkọ́?" ni mo bi í.

"Màá wá nǹkan ṣe sí i."

"Èmi ni mo máa gbé yín."

"O ní ilé tó ò ń tà."

"Mummy, àáró ni. Ẹ ti ro tèmi."

Ó kọjú sí fèrèsé. Mo rí i tó ń fi etí gèlè nu ojú, mo sì ṣe bí ẹni pé mi ò rí i.

Láàárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òórùn dòdò ló jí mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí dókítà ti ní kí màmá mi má fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà mọ́, àwọn méjèèjì ló sì wà lórí sítóòfù. Mo pariwo pé kí lẹ ń ṣe.

"Ta ló sọ pé èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́?" Ó ń bu ẹ̀wà sínú kúlà, kò gbójú sókè. "Ẹni tó bá wá ṣe àáró, wọ́n ń bọ́ ọ ni. Mú bàtà mi wá, ká máa lọ."

Mo jẹ ẹ́ nínú mọ́tò níwájú kílíníìkì, nígbà tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú ilé. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀wà náà, nítorí kò lè tọ́ ọ wò. Mo jẹ ẹ́ tán.