Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún Lórí Òkè Ìkòsì

Òkè kékeré kan wà lẹ́yìn Ìkòsì nígbà náà. Tí ènìyàn bá dúró lórí rẹ̀, yóò rí àbàtà odò Ògùn títí dé apá Agboyi. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, iṣẹ́ mi ni láti máa wọn igi tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ òkè náà.

Abala mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. Tíìkì nìkan ló wà ní abala kìíní, ìrókò nìkan ní èkejì. Ní ẹ̀kẹta, wọ́n da ìrókò, ayùnrẹ́, afàrà, ọ̀gànwó àti arère pọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá igi ń dàgbà dáadáa sí i láàárín igi mìíràn. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo ń fi ọ̀pá tí wọ́n fa ìlà ínṣì sí lára wọ̀n wọ́n. Mo ní láti pe iye náà sókè, kí n sì fi tàdáwà kọ ọ́ sínú ìwé. A kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́ nínú ìwé náà, a kò sì gbọdọ̀ ya á, nítorí gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló ní nọ́ńbà. Bí a bá ti wọn igi kan lẹ́ẹ̀kan, tí a kò sì bá a níbẹ̀ nígbà kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni à ń kọ sí iwájú rẹ̀: kú.

Bàbá àgbà kan ń bá mi ṣiṣẹ́, láti inú ìdílé tó ni ilẹ̀ òkè náà. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ òórùn èèpo igi, ó ti mọ orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọn abala kẹta, mo mú ọmọbìnrin mi dání. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, òun nìkan ni mo bí. Mo ń bẹ̀rù kànga nítorí rẹ̀, mo ń bẹ̀rù ọkọ̀ ojú títì Ìkòròdú, mo ń bẹ̀rù ejò. Iléèwé ti gba ìsinmi, n kò sì fẹ́ kó kúrò lójú mi.

Nígbà tí a dé nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, ẹtu ti jẹ igi ibẹ̀ tán. Ihò lásán la bá. Ọmọ mi bọ́ sínú ihò náà, ó ká apá sókè bí ẹ̀ka.

"Pàpá, èmi ni mẹ́tàdínlógún! Ẹ wọ̀n mí!"

Mo gbé ọ̀pá tì í. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ínṣì mẹ́jọ," ni mo pè sókè bí ìṣe mi. Ọwọ́ mi ti kọ ọ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

"Akọ̀wé! Kí lo ṣe yẹn?" ni Bàbá pariwo.

"Eré ni, Bàbá."

"Eré? Káfíńtà ló ń fi ọ̀pá wọn èèyàn. Kò sì tíì sí ẹni tó wọ̀n tó dìde kí i pé ó ṣeun."

"Télọ̀ náà ń wọn èèyàn."

"Télọ̀ ń wọn àyà, ó ń wọn ìbàdí. Ṣé ìbàdí rẹ̀ lo wọ̀n?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò bá mi délé. Láti ọjọ́ náà, mo ń wo etí aṣọ iléèwé rẹ̀ bóyá ó ti ń kúrú sí i lórí orúnkún. Mo ń wo orí rẹ̀ nígbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ ilẹ̀kùn. Èmi tí mo ń fi igi wíwọ̀n jẹun kò jẹ́ wọn ọmọ mi mọ́ láti mọ̀ bóyá ó ń dàgbà.

Oṣù mẹ́fà pé ní àkókò òjò. Ibà ti mú ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì ti gbẹ. Ọ̀gá wa yóò wá gba ìwé ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá, nítorí náà mo fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, mo sì gun òkè.

Òjò ti fọ ilẹ̀ abẹ́ tíìkì lọ, gbòǹgbò ti yọ síta. Ewé àwọn ìrókò tó dá wà ti wú kókó, orí wọn sì ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ìrókò tó wà lábẹ́ ayùnrẹ́ ní abala kẹta mọ́ lára, ó tutù yọ̀yọ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ títí mo fi dé ihò mẹ́tàdínlógún. Níbẹ̀ ni mo ti sọ ohun tó wà nínú ìwé fún Bàbá.

"O kọ ọ́ sílẹ̀? Pẹ̀lú tàdáwà?"

"Pẹ̀lú tàdáwà."

Ó jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀yin akọ̀wé! Ohun tí atẹ́gùn ì bá gbé lọ, ẹ óò fi tàdáwà dè é mọ́lẹ̀. Kí lo máa wá kọ báyìí?"

"Kú. Òótọ́ sì ni, Bàbá. Igi ibẹ̀ ti kú."

"Ta ló ga ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ínṣì mẹ́jọ níbẹ̀? Igi ni?"

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ayùnrẹ́, ó sì gbé ọmọ ìrókò kan tí kò ní nọ́ńbà bọ̀ tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Ó gbìn ín sínú ihò náà, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀.

"Wọ̀n ọ́n."

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ínṣì mẹ́wàá."

"Ó ti fi ínṣì méjì dàgbà. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo kọ sínú ìwé iṣẹ́ rí nìyẹn. Mo wo aago mi: aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Nígbà tí ọ̀gá gba ìwé tán, sáré ni mo sá délé. Ọmọ mi jókòó lórí ẹní, ó ń mu ògì.

"Ara rẹ̀ ti rọlẹ̀," ni ìyàwó mi wí.

"Láti aago mélòó?"

"Ẹ tún ti dé! Ẹ ò tiẹ̀ kí ọmọ."

"Jọ̀ọ́, aago mélòó?"

Ó ronú díẹ̀. "Àwọn ọmọ iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún ìsinmi ráńpẹ́ ni. Ariwo wọn ló jí i, ó ní ebi ń pa òun."

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni wọ́n máa ń jáde. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ku wákàtí méjì dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó gbin igi náà ni ara ọmọ mi ti yá. Kì í ṣe ohun tí a ṣe lórí òkè ló wò ó sàn. Mo gbé e mọ́ra, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rí ohun tí mo ṣe. Ọmọ mi kò nílò igi kankan. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi so ó mọ́ ọ̀kan láìnídìí, mo sì fi igi náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì mú.

Òjò ti ṣú dúdú ní apá Agboyi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo gbàgbé ọ̀pá sórí òkè. Mo mú èèkàn mẹ́rin àti okùn, mo sì jáde.