Orúkọ Ta Ló Wà Lára Ẹ̀rọ Tí Àbúrò Mi Ṣe?

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí, mi ò gba ìmọ̀ràn mọ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n sinmi. Aládùúgbò ní kí n fọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọlọ́run ti gbọ́ tiẹ̀. Ó ku ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwádìí.

Àbúrò mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìjì, ti kú. Ikọ́ ló pa á. Ọkùnrin tó fi ayé rẹ̀ kọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn, yàrá tí kò ní fèrèsé nílé ìwádìí yín lẹ tì í mọ́! Èéfín ló máa ń tú sínú afẹ́fẹ́ kó lè fojú rí ọ̀nà tó ń gbà, èéfín náà ló sì ń fà símú látàárọ̀ dalẹ́. Ó bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ lu ihò kan péré sára ògiri. Ẹ ní ẹ máa rò ó. Ṣé ẹ ti rò ó tán?

Ìwé kejì ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yé mi. Nídìí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná mi ló ti fi hàn mí. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí kan omi tó ń dà. Omi yà, ó lẹ̀ mọ́ ṣíbí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí i? Bí afẹ́fẹ́ tó le ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri nìyẹn. Tí mo bá wá fẹ́ atẹ́gùn táṣẹ́rẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á fò sí ògiri kejì."

"Ọkọ mi àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́," mo ní. "Obìnrin kan kàn sín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, ó ti fò lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn: ike pẹlẹbẹ ló fín ọ̀nà afẹ́fẹ́ sí, ọ̀nà tó ní ògiri méjì. Kò lo iná, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ọmọ tuntun tí kò lè mí dáadáa á fa èémí kín-ún, èémí yẹn á sì darí afẹ́fẹ́ ńlá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kékeré ń pàṣẹ fún ńlá! Àbí ohun tó bí yín nínú nìyẹn?

Ọ̀gá àgbà ní afẹ́fẹ́ Ìjì ń ru gùdù jù, pé òun fẹ́ èyí tó ń rọra ṣàn bí òróró. Ìjì ní èyí tó ń ru gan-an ló ń di ògiri mú. Ẹ lé e wálé. Ẹ dín agbára afẹ́fẹ́ náà kù. Ó gba àárín lọ gbéregbère, kò mọ ògiri kankan, ẹ̀rọ ò sì ṣiṣẹ́ mọ́.

Ta ló wá sí pálọ̀ mi? Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, ó jókòó sétí àga bí ẹni tí àga ń jó.

"Màmá, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. Tó bá tún un ṣe, orúkọ ẹ̀ la máa fín sára ẹ̀rọ náà. Mo fọmọ mi búra."

Ìjì ti ń wọ bàtà kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ tán. "Àwọn ọmọ ọwọ́ ò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó padà sínú yàrá kan náà. Ó tún un ṣe. Àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ẹnì kan nínú yín ò yọjú. Lọ́jọ́ tá a sin ín, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ẹ̀rọ rẹ̀ wà láàárín yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi mú mi lọ sí yàrá ọmọ tuntun nílé ìwòsàn. Mo fọwọ́ tọ́ àwo irin tí wọ́n fín orúkọ sí lára ẹ̀rọ náà. Mi ò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ mo mọ orúkọ àbúrò mi tí mo bá rí i. Mi ò rí i. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ta ló ṣe é.

"Ọ̀gá àgbà ni, Màmá. Èèyàn ńlá ni wọ́n o."

Mi ò bá a wí, ohun tẹ́ ẹ kọ ló kà. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń mí. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ náà tó ń fò lọ, tó ń fò bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ Ìjì nìyẹn.

Ẹyin lohùn, ọ̀gá àgbà. Tiyín ti fọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀ mi, ó sì ti ń rùn. Ẹ má gbé òdòdó wá. Ẹ má pè mí síbi àpérò kankan. Ẹ tú àwo irin yẹn, kẹ́ ẹ fín orúkọ àbúrò mi síbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ san án.