Èènì Orí X

Ìdánwò tí mò ń múra fún ní Kétu kì í béèrè ìdáhùn. Bóyá ohun tí wọ́n sọ tó láti fi rí ìdáhùn ló ń béèrè. Ìranù gbáà! Tíṣà wa kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: X jẹ́ nọ́ńbà odidi, ó ju mẹ́ta lọ, kò tó márùn-ún. Ṣé ó tó láti mọ X?

Mo ní kò tó, ó lè jẹ́ mẹ́rin àti èènì. Ọjà Mile 12 ni wọ́n ti tọ́ mi. Ta ló ń wọn nǹkan láìfi èènì sí i?

“Odidi ni wọ́n pè é!” ni tíṣà jágbe mọ́ mi. “Èènì wo, olódo?”

Nírọ̀lẹ́, mo bá a nídìí gàrí. Ìyá onígàrí ti wọn kóńgò mẹ́rin fún un, ó ṣì na ọ̀rá sí wọn: “Màmá, èènì mi dà?”

Mo dáhùn látẹ̀yìn: “Ọ̀gá, odidi ni wọ́n pè é.”