Orúkọ Bàbá Mi ní Ẹnubodè

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ọmọ tó bá níwà kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ ní Ọ̀bọ Ayégúnlẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kúkú mọ̀. Bàbá wa ni bàbá wa ń jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wọn ń pè wọ́n láti ojúde, èmi náà bá sáré wọlé, mo ní, "Ọlájídé, wọ́n ń pè yín o!" Ìyá mi gbá mi lẹ́nu, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n gbọ́wọ́ sókè. Uṣu sísun, bí àwa ṣe ń pe iṣu, ń ta sánsán, wọn ò fún mi jẹ. Ìyá àgbà ní ọmọ tó bá pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, ẹnu rẹ̀ á wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹnu mi mú.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣètò ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta. A ó wo Àgbádárìgì, a ó sì sọdá ẹnubodè lọ sílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, lọ wo Àjàṣẹ́ tọ̀hún àti ìlú kan tí wọ́n kọ́ sórí omi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi pọnmi tí mo fi gbálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi níṣẹ́. Ìyá mi di àkàrà àti ẹ̀pà sísun fún mi. Kí bọ́ọ̀sì tó dé Òmù-Àrán, mo ti jẹ ẹ́ tán. Tíṣà Ọmọlará ló kó wa lọ, Búọ̀dá Sànmí tó ń mú àlejò kiri sì pàdé wa ní Àgbádárìgì.

Ọjọ́ kejì la dé ẹnubodè. Nítorí àwọn tó ń jí ọmọ gbé sọdá, wọ́n ní kí a sọ̀kalẹ̀ kí a tò. Ọ̀gá kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ń wo ìwé tí orúkọ wa àti ti àwọn bàbá wa wà, ó sì ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ kánsù tó ṣíwájú mi, tí irú èèwọ̀ yìí ò sí nílé wọn, dáhùn ketekete. Ó wá kàn mí.

"Kí ni orúkọ bàbá rẹ?"

"Bàbá wa."

"Orúkọ wọn ni mo ní."

"Bàbá Fúnmi." Fúnmi ni ẹ̀gbọ́n mi.

Tíṣà fẹ́ sọ ọ́, ọ̀gá ní kí wọ́n panu mọ́. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo bú sẹ́kún. Ó kọjú sí Tíṣà. "Ibo lẹ ti rí ọmọ yìí? Ọmọ tí ò mọ orúkọ bàbá ẹ̀ ò ní kọjá níbí, ẹ̀yin náà ò sì ní kúrò."

Mo mọ orúkọ náà bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n tí ẹnu mi bá wọ́ ńkọ́? Tíṣà bẹ̀ mí títí, wọ́n ní Ọlọ́run ò ní bínú. Ta ló ń sọ ti Ọlọ́run? Ìyá mi ni mò ń bẹ̀rù.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka kọ ọ́ sórí iyanrìn: Ọlájídé. Ṣebí pípè ni wọ́n ní kí n má pè é.

Ọ̀gá dìde, ó kà á, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ọmọ yìí nílé. Wọ́n mà kọ́ ọ yó o! Ẹ máa lọ."

Bí a ṣe rí Àjàṣẹ́ nìyẹn. A jẹ búrẹ́dì tó gùn tó apá mi, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn onílé.

Nígbà tí a délé, Tíṣà ròyìn, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín àfi bàbá mi. Wọ́n ní, "Ká ní wọ́n mú ọ lọ ńkọ́?" Wọ́n ní kí n pe orúkọ àwọn, kí àwọn gbọ́. Ìyá mi dá ọmọ odó dúró, wọ́n ń wò mí. Mo ní, "Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n fi mí sílẹ̀.

Lónìí, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin ń ka orúkọ mi, orúkọ bàbá rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù wa bí ẹni ń kọrin. Èmi ni mo kọ́ ọ, nítorí ayé ti le. Nígbà tiwa, bí a ó ṣe di ẹnu mú ni wọ́n kọ́ wa, ó sì wọ̀ wá lára jù. Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi kú. Èmi ni wọ́n ní kí n ka ìtàn ìgbésí ayé wọn fún ìjọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, mo pe Ọlájídé sókè, ketekete. Ó wù mí kí bàbá wa dáhùn.